Ojú Ìwé Kọkànlélógún

Wọ́n ní obìnrin kan láti yunifásítì ń fi fóònù gba agbára ọwọ́ Christianah. Salome ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, nígbà tí a ń to àga jọ. Ó ní obìnrin náà máa ń jókòó síwájú Christianah ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Mushin, kì í ya ojú rẹ̀, kì í ya aṣọ rẹ̀, ọwọ́ nìkan ló máa ń yà. Ó ní wọ́n á kó agbára náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á tà á fún àwọn òyìnbó, ọwọ́ Christianah á wá kú mọ́ ọn lára.

Mo ní, "Salome, ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹni tó rí i ni."

"Ìwọ mọ ẹni tó rí i?"

"Mama Débọ̀, ẹ ṣáà máa gbàdúrà. Ẹ má da ìbéèrè bò mí."

Mi ò gbà á gbọ́ tán. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo mọ ohun tí fídíò jẹ́, àwọn ọmọ mi sì ń fi ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́ láì jẹ́ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n gbé ife oúnjẹ Olúwa dé ọ̀dọ̀ Christianah, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, wáìnì sì ta sí i láyà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, mo rí i. Nítorí náà, ìdajì mi gbà, ìdajì kọ̀.

Ẹgbẹ́ kan náà ni èmi àti Christianah. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá sí Èkó lẹ́yìn tó jáde ìwé mẹ́fà, kó wá gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ní ilé ìtẹ̀wé. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tó ti ń ká ìwé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ìwé ṣe rí lọ́wọ́ àwọn náà ló ṣe ń jáde látinú ẹ̀rọ. Bébà ńlá kan ni ẹ̀rọ máa ń tẹ̀. Ojú ìwé mẹ́jọ á wà níwájú, mẹ́jọ á wà lẹ́yìn, wọn kì í tò tẹ̀léra, òmíràn tiẹ̀ máa ń dorí kodò. Ẹni tó ń ká a ló máa ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kí ojú ìwé kìíní tó lè ṣáájú èkejì. Bí ẹni tó to nọ́ńbà bá ṣìṣe, ìwé orin á bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí, orin ìsìnkú la bá lójú ìwé tó yẹ kí orin ìgbéyàwó wà. Kì í ṣe Christianah ló ká ìyẹn.

Kọ̀ǹpútà tó ń to nọ́ńbà wà ní ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Àkàngbé, lẹ́yìn ọjà Ọjúwòyè níbi tí Christianah ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Síbẹ̀ náà, kí Àkàngbé tó tẹ ohunkóhun, á kọ́kọ́ gbé bébà náà lọ fún un. Á ní, "Ìyá Jọmílójú, ẹ bá mi wò ó." Christianah á wò ó bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, á ní, "Èyí á ká," tàbí, "Èyí ò ní ká, kódà kí áńgẹ́lì bá ọ dì í mú." Kì í ṣẹ́ ẹ po wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì tíì ṣì í sọ rí.

Ohun kan wà tí gbogbo wa mọ̀ nípa rẹ̀: kì í fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, akọ̀wé ìjọ gbàgbé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ètò ìkórè, níbi tí wọ́n to àwọn ìyá ìgbìmọ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ká ìwé ètò yẹn. Ó rí i pé orúkọ òun ò sí níbẹ̀, ó ká gbogbo rẹ̀ tán, ó dì í, ó gbé e wá, ó ṣe ìkórè, ó jó. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi kí akọ̀wé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, pé orúkọ rẹ̀ ṣáà wà nínú ìwé ìyè lọ́run.

Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi kọ́ ni mo ká ìyẹn."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé bí wọ́n bá to gbogbo ìwé tí òun ti ká ní Èkó láti Mushin, wọ́n á dé Jíbówú. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á wà níwájú, orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á wà lẹ́yìn, orúkọ ìyàwó ẹni tó kọ ọ́ tiẹ̀ máa ń wà nínú. Tòun ò sí nínú ẹyọ kan.

Mo lọ sí Mushin ní Ọjọ́bọ̀ kan láti lọ wo ẹni tó ń gba agbára. Mo ti gbàdúrà kí n tó kúrò nílé, mo sì mú ohùn tí mo máa fi bá a jà dání. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo bá níbẹ̀, ó wọ awò ojú, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ ilé ìwé. Bí ó ṣe rí mi, eékún méjèèjì ló fi kanlẹ̀, nínú gbogbo àjákù bébà tó wà níbẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ayọ̀miídé Ọmọ́táyọ̀ lorúkọ mi. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, ní Yaba."

"Dókítà ni," Christianah ní. "Kì í ṣe ti abẹ́rẹ́."

Ohùn tí mo mú dání ti ń rọ̀. Ẹni tó ń gba agbára ò ní kúnlẹ̀ báyẹn, àbí bóyá bí wọ́n ṣe ń gbà á gan-an nìyẹn. Mo ní, "Dókítà, wọ́n ní ẹ̀ ń fi fóònù gba agbára ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ wá sí imú. Christianah ò rẹ́rìn-ín.

"Salome nìyẹn," ó ní. "Sọ fún un pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ogójì ọdún bébà ló wà nínú rẹ̀. Dókítà abẹ́rẹ́ ti wò ó. Ó ní kí n sinmi. Mo bi í bóyá òun á máa bá mi ká a."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ayọ̀miídé wá tẹ ìwé ìléwọ́ fún àsọyé kan ní oṣù kẹrin, ó dúró de Àkàngbé, ó sì gbọ́ tí Christianah ń wí fún un pé bébà kan ò ní ká. Ó yà á lẹ́nu. Ó fa ìlà sí bébà mìíràn, ó kọ nọ́ńbà sínú àpótí kọ̀ọ̀kan bó ṣe wù ú, ó ní ṣé èyí lè ká kí nọ́ńbà náà sì tò tẹ̀léra láì ya bébà. Christianah dáhùn. Ó mú òmíràn wá, Christianah dáhùn. Mẹ́wàá ni wọ́n ṣe, kí tíì tí wọ́n rà fún Dókítà tó tutù. Dókítà ní bí bébà bá ṣe ń tóbi sí i ni kọ̀ǹpútà á máa pẹ́ sí i lórí rẹ̀, pé òun àti àwọn onímọ̀ ìṣirò bíi tòun ti ń wá ọ̀nà kúkúrú sí i, wọn ò tíì rí i. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń ya ọwọ́ Christianah, tó ń béèrè pé, "Mummy, kí lẹ kọ́kọ́ wò níbẹ̀ yẹn?"

Christianah fi díẹ̀ hàn èmi náà. Ó ní bí ìwé bá jẹ́ ojú mẹ́rìndínlógún, àwọn méjì tó bá fara kan ara wọn níbi ẹ̀yìn ìwé, bí o bá ro wọ́n pọ̀, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n máa jẹ́: ìkíní àti ìkẹrìndínlógún, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án. Tọkọtaya ló ń pè wọ́n. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé orin nígbà tí mo délé. Òótọ́ ni. Mo ti ń kọrin látinú ìwé yẹn láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gbé pọ̀.

Ayọ̀miídé sọ fún wa pé àpérò ìṣirò ńlá kan ń bọ̀ ní Yaba, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni. Àsọyé á wà láàárọ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wà lọ́sàn-án, àwọn àlejò ń bọ̀ láti Ìbàdàn, láti Gánà, láti òkè òkun. Ó ní òun á sọ̀rọ̀ lórí ohun tí òun kọ́ ní Mushin, pé Christianah á gun orí ìtàgé pẹ̀lú òun, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn wọ́n.

"Mummy," ó ní, "gbogbo ayé ló máa mọ̀ yín."

Mo rí ojú Christianah nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mú bébà tó ti ká tẹ́lẹ̀, ó tún un ká.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ kéde pé wọ́n máa pe orúkọ ìyá wa Christianah Àjàdí ní yunifásítì, láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Jọmílójú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ní òun á gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, òun á wọkọ̀ wá sí Jíbówú ní Ọjọ́rú kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ lè mọ́ bá òun l'Ékòó. Christianah ra bàtà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ò lè mọ ohun tí mo ń sọ: bàtà tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ náà ló ń wọ̀ lọ síbi òkú, ló ń wọ̀ lọ síbi ìkómọ.

Ó tún ṣe ohun kan. Eegun ìhà màlúù ni wọ́n fi ń tẹ ojú ìṣẹ́po ìwé mọ́lẹ̀, kó lè dì dáadáa. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ ló fún un lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí iṣẹ́ wọn nìyẹn: ọ̀gá á kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní gbogbo nǹkan, á fi ẹyọ kan pamọ́. Ní ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, á gbàdúrà fún un lójú gbogbo ènìyàn, á fún un ní eegun tirẹ̀, á wá fi ẹyọ kan tó kù hàn án. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, kódà bí ọmọ náà ti mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá lọ, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Christianah lọ ra eegun ìhà ní Ọ̀yìngbò. Ó sè é, ó sá a, ó fi pépà ìdánpákó dán an fún ọ̀sẹ̀ méjì títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Mo bi í ta ló fẹ́ fún.

"Dókítà. Orí ìtàgé ni màá ti fún un, tí wọ́n bá ti pe orúkọ mi tán. Màá gbàdúrà fún un, màá sì fi èyí tó kù hàn án."

"Èyí wo ló kù? Láti oṣù kẹrin lo ti ń kọ́ ọ."

"Ẹyọ kan ṣì kù."

"Ó mọ̀?"

"Ọmọ iṣẹ́ wo ló ń mọ̀?"

Ọ̀gá Àkàngbé ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìwé ètò àpérò náà fún, Christianah ló sì ká a, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Ní Sátidé tó ṣáájú àpérò, ó gbé ẹyọ kan wá sílé mi ní Surulere. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò dúró gba omi.

"Kà á fún mi."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ojú ìwé kọkànlélógún. Mo rí orúkọ Dókítà níbẹ̀. Mi ò rí tèmi. Bóyá ó wà nínú èyí tí mi ò gbọ́."

Mo wọ awò ojú mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tó wí sì nìyí: Ọjọ́bọ̀, agogo méjìlá ọ̀sán. Ọ̀nà tuntun láti mọ bébà tó lè ká. A. Ọmọ́táyọ̀ àti P. Adéríbigbé. Àfihàn yóò wà láti ọwọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò kan.

Mo fi ojú kà á, mi ò tíì fi ẹnu kà á. Christianah ń wo ẹnu mi. Mo rántí bàtà. Mo rántí pásítọ̀ àti ìjọ tó pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Wọ́n ní ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ kan máa fi iṣẹ́ hàn."

"Ọ̀gá?"

"Ọ̀gá."

"Orúkọ ńkọ́?"

"Ẹnu ni wọ́n á fi pè é lọ́jọ́ náà. Wọn kì í sábà kọ ti àwọn èèyàn pàtàkì sílẹ̀." Ọlọ́run dárí jì mí. Mi ò gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbì kankan rí.

Ó rò ó díẹ̀. "Ta ni Adéríbigbé?"

"Bóyá ọ̀gá Dókítà ni."

"Kò wá sí Mushin rí." Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ṣí i síbòmíràn. "Wo Sylvester tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Wọ́n kọ tirẹ̀ pé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Ojú ìwé kejìlá. Ojú méjìlélọ́gbọ̀n ni ìwé yìí, ìkejìlá àti ìkọkànlélógún ni tọkọtaya. Sylvester ni wọ́n fi ṣe ọkọ mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀wà tí mo ṣà lọ́jọ́ náà, òkúta kún inú rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù mi dún, Ayọ̀miídé ni. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní bébà kan wà tí kọ̀ǹpútà òun ní ó máa ká, òun gbìyànjú rẹ̀ lọ́wọ́ títí, ó kọ̀, kò ká. Ó ní nǹkan kan wà tí Mummy máa ń wò tí òun ò mọ̀. Òun ti sáré lọ sí Mushin láàárọ̀, Mummy sì sọ fún òun pé ti ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù nìyẹn, pé orí ìtàgé ni òun ti máa gbà á.

"Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi ṣe, mà. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Ọ̀gá mi ní bí mi ò bá rí i kó tó di alẹ́ ọ̀la, àwọn á yọ àsọyé náà kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo bẹ Christianah. Kò le tó bí mo ṣe rò. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ni wàhálà, wọ́n lè ṣe fírídọ̀ọ̀mù ọmọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, bí àdúrà bá ṣáà ti wà, tí orúkọ sì wà. Báyìí la ṣe lọ sí Yaba ní Ọjọ́rú, èmi àti òun, òun nínú bàtà tuntun. Ó di eegun náà sínú áńkáṣíìfù funfun, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ.

Ọ́fíìsì Adéríbigbé, ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá Dókítà, wà ní òkè kejì. Àwọn ìwé ètò tí Christianah ká wà lórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn. Adéríbigbé dìde fún wa, ó fa àga fún wa, ó ní ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ewu ọ̀nà. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ayọ̀miídé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kò jókòó.

Christianah gbé áńkáṣíìfù náà sórí tábìlì, ó tú u.

"Kí lèyí, mà?" ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

"Ti ọmọ iṣẹ́ mi ni."

"Ta ni ọmọ iṣẹ́ yín?"

Christianah na ìka sí Ayọ̀miídé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo Ayọ̀miídé, Ayọ̀miídé wo ilẹ̀.

"Kí n tó fi èyí tó kù hàn án," Christianah ní, "ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe máa pe orúkọ mi lọ́la."

"Ó wà nínú ìwé ètò, mà." Ó mú ẹyọ kan, ó ṣí i, ó fi Yorùbá tó mọ́ kedere kà á: "Àfihàn yóò wà láti ọwọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò kan."

"Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́."

Ó tún un wò. "Kò sí ọ̀gá níbí, mà."

Christianah yí ojú, ó wò mí. Kò pẹ́ tó fi wò mí. Mo ń wá ibi tí mo máa gbé ojú mi sí, eegun tó wà lórí tábìlì ni mo rí.

"Orúkọ ńkọ́?" ó bi ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ìdúpẹ́ wà ní òpin ìwé tí a kọ lórí iṣẹ́ náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ní Mushin."

"Àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Àkàngbé àti ẹni tó ń gbálẹ̀."

"Prof," Ayọ̀miídé ní, "ẹ jẹ́ ká fi orúkọ Mummy sí i. Kí orúkọ wọn ṣáájú tèmi pàápàá, mo gbà."

"Ayọ̀miídé, a ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo ṣèlérí fún wọn, sà."

"Kò yẹ kó o ti ṣe é."

Christianah ò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Tọkọtaya ojú ìwé yẹn, abala inú ló wà. Abala inú nìkan ni kí Àkàngbé tún tẹ̀. Èmi á yọ pín-ìnnì tó so ó pọ̀, èmi á ká a, èmi á tún un dì. Ọ̀ọ́dúnrún péré ni. Kó tó di àárọ̀ ọ̀la, màá ti ṣe é tán, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí náà ni màá fi ṣe é."

"Mà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bébà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òdodo. Ẹ̀yin mọ̀ pé ó máa ká. Ẹ ò mọ ìdí tó fi máa ká. Ìdí yẹn ni ìṣirò."

"Ẹ̀yin mọ ìdí?"

"A fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Fẹ́rẹ̀ẹ́," Christianah ní. "Ẹ wá sí Mushin rí, sà?"

"Èmi?"

"Orúkọ yín wà níbẹ̀. Mo ní bóyá ẹ wá lọ́jọ́ tí mo lọ sí ilé ìwòsàn."

Ayọ̀miídé ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò mọ ẹni tí Dókítà ń bẹ̀ nínú wa.

Níbi tó yẹ kí n ti dákẹ́, ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí i. Bóyá nítorí ojú tó fi wò mí ni. Mo sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé pásítọ̀ wa ti kéde rẹ̀, pé ọmọ Christianah wà nínú ọkọ̀ láti Ìlọrin bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ní Sylvester onígbohùngbohùn ṣáà ní orúkọ. Ó ní Sylvester kò kọ ìṣirò. Mo ní Christianah náà kò béèrè pé kí wọ́n fi òun jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní àwọn àlejò òkè òkun á béèrè ilé ìwé tó lọ. Mo ní kí wọ́n béèrè, Ògbómọ̀ṣọ́ kò sá lọ síbì kankan. Ayọ̀miídé ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì kíákíá láti ẹ̀gbẹ́ wíńdò, òun náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, wọ́n ń sọ pé Màmá fẹ́ báyìí, Màmá ò lóye báyìí, èmi náà ń sọ ohun tí Màmá ní lọ́kàn. Àwa mẹ́ta la ń jà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wo ibi tó jókòó sí nínú wa.

Nígbà tí mo wo ibẹ̀, ó ti dìde. Ó ti ń di eegun náà padà sínú áńkáṣíìfù, ó fi igun kan bo igun kejì, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tún un ṣẹ́ po, ó fi í sínú báàgì rẹ̀. Bébà Ayọ̀miídé tó kọ̀ tí kò ká wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí eegun wà tẹ́lẹ̀. Ó wò ó, bí ó ṣe máa ń wò wọ́n. Mo rí i pé ó rí ohun tí kò jẹ́ kó ká. Kò fọwọ́ kàn án.

"Mummy," Ayọ̀miídé ní.

"Ẹ jókòó, mà, a ò tíì parí ọ̀rọ̀," ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Mo ń ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ yín pé ọ̀nà tí a ń gbà..."

Christianah ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró síbi tábìlì kékeré yẹn, ó rí ìwé ètò kan tó yọ síta láàárín àwọn yòókù, ó fi àtàńpàkò tì í wọlé kó lè bá wọn dọ́gba. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń ṣàlàyé, èmi náà ṣì na ìka sí i pé kó jẹ́ kí n sọ tèmi tán, nígbà tí mo gbọ́ bàtà tuntun náà lórí àtẹ̀gùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀.